Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Tó Bá Fẹ́ Kọ́ Ọkọ̀ Títù

  

 Lọ́dọọdún ni a máa ń fi ojú ewé bí èyí sọ̀rọ̀ lórí ìwà ọmọlúwàbí, lórí ìwé kíkà, àti lórí owó ilé-kéwú tí kì í tètè wọlé. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ omi àti ọkọ̀ ojú omi ni a fẹ́ sọ. A mọ̀ pé yóò ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Yóò ní, "Kí ló kan ààfáà Ìwàrà nínú ọkọ̀ ojú omi? Òkè àti oko kòkó ni Ọlọ́hun fi jíǹkí wa, kì í ṣe ọ̀sà." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù kà á dé òpin kí ẹ tó dájọ́.

Nígbà tí àwa fúnra wa wà ní ọmọ kéwú, ní ìlú kan tí kì í ṣe Ìwàrà, a máa ń kó wàláà àti aṣọ wa lọ sí odò ní ọ̀sán Àlàmísì. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn òjò ńlá, omi gbé wàláà ọ̀kan nínú wa. Ọmọ náà mọ kéwú ju gbogbo wa lọ. Ó sáré tọ wàláà náà lọ. Omi dé e ní orúnkún, ó dé e ní àyà, a kò sì rí i mọ́. Àwa mọ́kànlá ni a wà létí odò. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó mọ omi wẹ̀. Ariwo nìkan ni a mọ̀ ọ́n pa. Wàláà náà ni wọ́n kọ́kọ́ rí ní ìsàlẹ̀ odò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí ọmọ náà. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti pa á láṣẹ pé ọmọ kéwú kankan kò gbọdọ̀ dé odò mọ́. Àṣẹ náà dára, ṣùgbọ́n kò kọ́ wa ní nǹkan kan. A ti lé ní ogójì ọdún báyìí, a kò sì mọ omi wẹ̀ síbẹ̀. Bí ọmọ yín bá ṣubú sódò níṣojú wa lónìí, ariwo náà ni a ó tún pa.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wáàsí gbé wa dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ rántí pé odò Ọ̀ṣun tó ń gba Òṣogbo kọjá, ọ̀sà Lẹ́kí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ yẹn ló ń ṣàn lọ dà sí. Nítorí náà, omi tiwa ni omi wọn. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sì ti wà nínú ìtàn wọn tipẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, lọ tẹ̀dó sí.

Wọ́n gbé wa sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti rékọjá sí abúlé kan. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù tó ń múni léfòó, a sì dì í mọ́ra bí ẹni di owó Mẹ́kà mọ́ra. Bí a ti ń ka gbogbo àdúà tí a mọ̀, ni ọmọdé kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú ọkọ̀ kékeré. Òun nìkan ni, àjẹ̀ ìtukọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú ewu o, Ààfáà!" Ojú tì wá. Kì í ṣe pé ọmọ náà gbọ́n jù wá lọ. Wọ́n kọ́ ọ ni, wọn kò kọ́ wa.

Bí ó bá jẹ́ ìtìjú nìkan ni, à bá ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kó èrò ìgbéyàwó padà sí agbègbè Pàtígi ní ìpínlẹ̀ Kwara dà wọ́n sómi lóru. Ẹ̀mí tó lé ní 100 ló bá a lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, òmíràn tún rì ní Gbajibo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mokwa, ìpínlẹ̀ Niger. Nǹkan bí 300 ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Ibi ayẹyẹ Mọ́lídì ni wọ́n ti ń bọ̀. Mọ́lídì, ẹ̀yin ará! Wọ́n lọ yin Ànábì, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì padà délé.

Kádàrá ni, a gbà bẹ́ẹ̀, a kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà ló kọ́ wa pé kí ẹni tó ní ràkúnmí kọ́kọ́ so ó mọ́lẹ̀, kí ó tó gbé ara lé Ọlọ́hun. Ẹni tó bá ti kọ́ ọkọ̀ rí, bí ó bá dé èbúté, yóò wo bí etí ọkọ̀ ti súnmọ́ omi tó. Yóò mọ̀ pé èrò ti pọ̀ jù. Yóò wo ojú ọ̀run àti bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Yóò bèèrè ẹ̀wù tó ń múni léfòó. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò sọ pé, "Èmi ò wọ̀ ọ́." Gbólóhùn kékeré yẹn ni a fẹ́ kí ọmọ wa lè sọ. Ẹni tí kò mọ ọkọ̀ kò lè sọ ọ́. Ibi tí èrò bá ń wọ́ lọ ni òun náà yóò wọ́ lọ. Ọmọ Ìwàrà kì í sì í gbé Ìwàrà títí ayé. Òmíràn ń lọ sí Èkó, òmíràn ń wá ìmọ̀ lọ sí òkè Ọya, òmíràn yóò di àgùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí ìlú tó jẹ́ pé omi nìkan ni ọ̀nà rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ilé-kéwú wa àti àwọn ilé-ìwé girama àdúgbò wa fi ààyè sílẹ̀ nígbà ọlidé, kí àwọn ọmọ ńlá tó bá fẹ́ kọ́ omi wíwẹ̀ àti ọkọ̀ títù. Ẹ jẹ́ kí a tẹnu mọ́ ọn: àwọn tó bá fẹ́ ni.

Irú ọkọ̀ títù tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní òkèèrè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ọmọ Ẹ̀pẹ́ yẹn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kọjú sí ibi tó ń lọ, àjẹ̀ kan ló sì dì mú. Nínú ọkọ̀ ìdárayá ti òkèèrè, ẹ̀yìn ni àwọn atukọ̀ kọ sí ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n so àjẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìjókòó wọn ń yí síwá sẹ́yìn lórí ẹsẹ̀ kéékèèké tó ń yí, agbára ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń lò ju ti apá lọ. Ẹnì kan lè dá a tù, ó lè jẹ́ ẹni méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ, ẹni kẹsàn-án wà ní ìdí ọkọ̀, tó kọjú síwájú. Atọ́kọ̀ nìyẹn. Òun nìkan ló ń rí ọ̀nà, òun ló ń darí, òun ló ń pàṣẹ. Ẹni tó jókòó kọjú sí atọ́kọ̀ ló ń fi ìwọ̀n lélẹ̀, àwọn tó kù yóò sì máa tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a kọ́kọ́ rí i nínú àwòrán fóònù, sàfù ìrun ni a rántí. Bí lèmọ́mù bá tẹ̀, gbogbo sàfù á tẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣíwájú lèmọ́mù, ara rẹ̀ ló ń tàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ọkọ̀ yìí. Ọmọ tó lágbára jù, bí ó bá fa àjẹ̀ tirẹ̀ ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ á mì, ìrìn wọn á sì falẹ̀. Agbára rẹ̀ á wá di ìdíwọ́. Ọdún mélòó ni a ti ń fi ẹnu kọ́ àwọn ọmọ wa pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà? Nínú ọkọ̀, ọmọ yóò fi ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n láàárín wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tó ti ṣe é. Ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ilé-ìwé girama kan wà tí wọ́n ń pè ní Manley. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ló kún ibẹ̀, àdúgbò náà le, ìjà ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ sì pọ̀. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n gbé ọkọ̀ gígùn kan sí gbọ̀ngàn ìjẹun ilé-ìwé náà, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ wá. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi fà wọ́n wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá ni kò mọ omi wẹ̀. Omi wíwẹ̀ ni wọ́n sì ní láti kọ́kọ́ kọ́.

Ọ̀kan nínú wọn, Arshay Cooper, ti kọ ìtàn náà sínú ìwé, wọ́n sì ṣe é ní fíìmù ní ọdún 2020. Àwọn ọmọ tí àdúgbò wọn ń bá ara wọn ṣọ̀tá ló jókòó sínú ọkọ̀ kan náà, tí wọ́n sì ní láti fa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ife-ẹ̀yẹ ni ìtàn wọn dá lé. Ohun tí wọ́n rí gbà ni pé wọ́n mọ bí a ti ń gbára lé ẹnìkejì. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n tún padà sínú ọkọ̀ pọ̀, wọ́n sì pe àwọn ọlọ́pàá ìlú náà wá bá wọn tù ú. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti aláwọ̀ dúdú ti rí ní ìlú yẹn yóò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn. Chierika Ukogu, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ṣùgbọ́n tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tu ọkọ̀ ní ilé-ìwé girama. Ní ọdún 2016, ní ìlú Rio, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó tu irú ọkọ̀ yìí fún Nàìjíríà níbi ìdíje Òlíḿpíìkì. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló sì ń lépa pẹ̀lú rẹ̀. Ọkọ̀ kò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Esther Toko lọ sí ìdíje ti Tokyo, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2021. Ayọ̀mídé Bello, tí òun ń lo ọkọ̀ alájẹ̀ kan bíi ti ọmọ Ẹ̀pẹ́ wa, gba wúrà ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Morocco ní ọdún 2019, òun náà sì dé Tokyo. Obìnrin ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìtàn àwọn ọmọ Manley: kò sí ẹni tó fi pàṣán lé wọn wọ inú omi. A pè wọ́n, wọ́n wò ó, wọ́n gbà. Àwa olùkọ́ ilé-kéwú mọ pàṣán lò, a kò ní purọ́. Súrà tí ọmọ kò fẹ́ há, pàṣán lè mú un há a. Ṣùgbọ́n omi kò mọ pàṣán. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, tí a fi tipátipá gbé sínú omi, ara rẹ̀ á gan, ara tó gan ló sì ń tètè rì. Bí a bá sọ ọ́ di dandan, a ó tún pa ọmọ mìíràn. Bí a bá fi sílẹ̀ fún ẹni tó wù, ọmọ mẹ́fà lè wá ní ọdún àkọ́kọ́. Kò burú. Àwọn mẹ́fà yóò sọ fún àwọn tó kù.

Ohun kejì ni àkókò. Ìgbà tí kò sí ìdíje, tí kò sí ìdánwò, ni kí ó jẹ́, kí ọmọ lè ṣe àṣìṣe láìsí pé ojú ń tì í. Ọ̀pọ̀ yóò dárúkọ ọlidé gígùn. A kò fara mọ́ ọn. Oṣù Kẹjọ àti Ìkẹsàn-án ni ọlidé náà máa ń bọ́ sí, òjò sì lè ti mú odò kún. Ìgbà irú òjò bẹ́ẹ̀ ni odò gbé ọmọ ẹgbẹ́ wa yẹn. Ọlidé oṣù Kejìlá ló dára jù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi ti fà. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Àwọn òyìnbó pàápàá mọ̀ ọ́n: ní ìdíje Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ ti ayé òde òní, ní Athens ní ọdún 1896, wọ́n ti fi ọkọ̀ títù sínú ètò, ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ọjọ́ kò dára, wọ́n pa á tì. Ọdún 1900 ní Paris ni wọ́n tó ṣe é. Bí àwọn olóye ayé bá lè sọ pé "kò yá lónìí," àwa náà lè sọ ọ́.

A mọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ó dá padà. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkínní, ẹ ó ní kéwú ni a rán ọmọ wá kọ́, kì í ṣe eré. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyí tí a fi ní ìgbà ọlidé. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ wa ti máa ń sọ láti ẹnu Sàhábà Umar pé kí á kọ́ ọmọ ní omi wíwẹ̀, ọfà títa àti ẹṣin gígùn. Nínú Súrátù Kahfi tí à ń kà ní Jímọ̀, ọkọ̀ àwọn tálákà tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n dá àléébù sí lára kí ọba afipágbọkọ̀ má bàa gbà á. Ọmọ tó ti jókòó nínú ọkọ̀ rí yóò mọ ohun tí ọkọ̀ kan jẹ́ fún tálákà.

Èkejì, ẹ ó bèèrè nípa àwọn ọmọbìnrin. Ọjọ́ tiwọn yóò yàtọ̀, olùkọ́ wọn yóò jẹ́ obìnrin, aṣọ wọn yóò sì bo ara. Bí a kò bá tíì rí olùkọ́ obìnrin, a ó dúró títí a ó fi rí i. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kò kàn wọ́n. Ẹ padà ka ohun tí a kọ nípa Gbajibo, kí ẹ wo àwọn tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ náà.

Ẹ̀kẹta, òbí kan lè sọ pé aríran ti sọ fún òun pé ọmọ òun kò gbọdọ̀ dé omi. Ẹ̀yin ará, Ọlọ́hun nìkan ló mọ ìkọ̀kọ̀. Bí ọ̀rọ̀ aríran bá tilẹ̀ ń bà yín lẹ́rù, ṣé ọmọ tí ẹ ń bẹ̀rù omi fún kọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí a ti ń léfòó?

Ẹ̀kẹrin, owó. A kò ní í dá owó lé ẹnikẹ́ni lórí. Ọkọ̀ olówó gọbọi ti òkèèrè kọ́ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́, omi wíwẹ̀ nìkan ni, nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ṣe sí òtẹ́ẹ̀lì, lábẹ́ ojú ẹni tó mọṣẹ́. Lórí ilẹ̀, àwọn ọmọ yóò jókòó ní ìlà lórí ẹní, wọn yóò máa fa okùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí ìwọ̀n wọn yóò fi di ọ̀kan. Ọdún kejì, àwọn tó bá ti mọ omi wẹ̀ dáadáa, tí òbí wọn sì fọwọ́ sí ìwé, ni a ó kó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ tó mọṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí kò bá wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó kò ní fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀, ìbáà ṣe olùkọ́.

A tún fẹ́ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ti ìwé yìí ka ọmọ lọ sí odò ilé. Àwọn awakùsà wúrà ti gbẹ́ kòtò káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa, òjò sì ń kún wọn. Omi Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ti yípadà débi pé ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Omi tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ má wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ kéwú ti Ìdáádì àti Tánáwì, ẹ lọ rò ó. Ẹni tó bá wù kí ó wá fi orúkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá wù, kò sí ẹni tí yóò pè é ní ojo. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a jọ jókòó lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bí ẹ bá ní èrò tó dára ju tiwa lọ, a ó gbà á. Ní tiwa, orúkọ àwa olùkọ́ yín ni yóò kọ́kọ́ wà lórí ìwé náà, nínú kíláàsì omi wíwẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ní kéwú. Ojú lè tì wá. Ó tì wá rí ní Ẹ̀pẹ́, kò pa wá.

Mọ́kànlá ni a wà létí odò lọ́jọ́ náà. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ọmọ tiyín dúró létí odò kan láé, kí ó máa wo ẹnìkejì rẹ̀ bí ó ti ń lọ, kí ó má sì ní nǹkan kan ní ọwọ́ bí kò ṣe ariwo. Àmín.